Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ra ìdá kan nínú mẹ́ta ìpín ara rẹ̀ padà

"Ilé-iṣẹ́ yìí ti kéde pé òun fẹ́ ra ìpín òun padà lọ́jà, ìpín rẹ̀ ò sì ju dọ́là mẹ́rin lọ. Ṣé kí n tètè kó owó sí i kó tó fò sókè?" Kò sí alágbàtà ìpín ìdókòwò tí oníbàárà kò tíì bi ní irú ìbéèrè yìí, pàápàá àwọn tó ń bá àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀nù ṣe é, tí wọ́n ń ra ìpín olówó pọ́ọ́kú lórí fóònù. Ìdáhùn rẹ̀ jọ ohun tí kò gba àròjinlẹ̀: tí ìpín tó wà níta, ìyẹn èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín, bá dín kù, ó yẹ kí ẹyọ kan gbówó lórí sí i. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé gbogbo ohun tó yẹ kó mú irú ètò bẹ́ẹ̀ yọrí ló wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní owó lọ́wọ́. Kò parọ́. Ó ra ìpín náà ní tòótọ́, ó sì rà á lọ́pọ̀ yanturu.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Orúkọ náà ti di ìtàn tí gbogbo ayé ń sọ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2021, ìtàn yẹn sì ti bo èyí tó ṣáájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tó ṣáájú yẹn ló wúlò fún àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ló ń tà, pé Texas ni orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, àti pé ọjà New York ni wọ́n ti ń ná ìpín rẹ̀. Gbogbo iye tí mo máa kọ síbí ni iye tí wọ́n ń ná an nígbà náà, kó tó di pé wọ́n la ẹyọ ìpín kan sí mẹ́rin lọ́dún 2022.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Orí àlòkù ni èrè ilé-iṣẹ́ náà wà, kì í ṣe orí géèmù tuntun. Ọmọdé á mú dísìkì tó ti gbá títí tó fi sú u wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọn á rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó kékeré, wọn á sì tún un tà fún ẹlòmíràn ní owó gidi. Òwò tó lérè ni, títí àwọn tó ń ṣe géèmù fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún oníbàárà tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí kò bá ti sí dísìkì, kò sí àlòkù.

Ní ìparí oṣù Kínní ọdún 2019, àwọn olùdarí kéde pé àwọn ò wá ẹni tó máa ra ilé-iṣẹ́ náà mọ́, torí pé kò sẹ́ni tó rí owó yá ní ìlànà tó bójú mu láti fi rà á. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, ìpín náà pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́rin iye rẹ̀ lọ. Owó wà nílẹ̀ ṣá o: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ẹ̀ka tó ń ta fóònù ní 700 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù Kẹta, ìgbìmọ̀ olùdarí fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ná tó 300 mílíọ̀nù dọ́là lórí ríra ìpín padà. Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìṣirò ọdún jáde: òfò 673 mílíọ̀nù dọ́là.

Ọ̀gá àgbà tuntun gorí àga ní oṣù Kẹrin. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, wọ́n fagi lé owó èrè tí wọ́n ń pín fún àwọn onípìn-ín, sẹ́ǹtì 38 lórí ẹyọ kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí máa fi nǹkan bí 157 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ lápò ilé-iṣẹ́ lọ́dún. Àmọ́ owó èrè yẹn lọ̀pọ̀ onípìn-ín tìtorí rẹ̀ dúró. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ṣe ni wọ́n ń tà á dànù. Ìpín náà pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ó wá dúró sí nǹkan bíi dọ́là 5.

Dọ́là 5 yẹn ní ìtumọ̀ tiẹ̀. Òun ni ìlànà SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà, fi ya ìpín olówó pọ́ọ́kú sọ́tọ̀. Lábẹ́ òfin, ìpín tó wà ní ọjà ńlá bíi New York kì í wọ inú ẹgbẹ́ náà bó ti wù kí iye rẹ̀ kéré tó. Nínú ìṣe, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bójú tó owó oníbàárà kì í fẹ́ fọwọ́ kan ohun tó bá ti lọ sísàlẹ̀ dọ́là 5, àwọn alágbàtà míràn kì í sì í yáni lówó láti fi rà á. Bí ìpín bá ti gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tó ń di nǹkan mú fọ́dún mẹ́wàá á máa jáde, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ á máa wọlé.

Gbàǹjo oṣù Kẹfà

Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé owó èrè, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, ilé-iṣẹ́ náà kéde gbàǹjo kan tó yàtọ̀ sí èyí tá a mọ̀. Nínú gbàǹjo tá a mọ̀, àwọn tó fẹ́ rà ló ń figagbága. Nínú èyí, àwọn tó fẹ́ tà ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun fẹ́ ra ìpín mílíọ̀nù 12, kí onípìn-ín kọ̀ọ̀kan sọ iye tó máa gbà, láti $5.20 títí dé $6.00. Tí àkókò bá pé, wọn á to gbogbo iye náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọn á sì dúró níbi tí mílíọ̀nù 12 bá ti pé. Iye tí wọ́n bá dúró lé yẹn ni wọ́n máa san fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá gba tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ kan dúró síbí. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbé irú gbàǹjo bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ń bi àwọn tó ni ín ní ìbéèrè kan tí ẹnu dídùn ò lè dáhùn: èló lẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó jáde? Ẹni tó bá gbà pé ọjà ló ń rẹ́ òun jẹ, pé ìpín náà tó dọ́là 8 tàbí 10, kò ní dá wọn lóhùn rárá. Ẹni tó ń ṣiyèméjì á béèrè $6.00, kò ṣáà ná an ní nǹkan kan láti béèrè. Ẹni tó bá kọ $5.20 síwèé ti sọ tẹnu rẹ̀: ẹ ṣáà gbà á lọ́wọ́ mi.

Gbàǹjo náà parí ní ọjọ́ 10 oṣù Keje. Iye tó jáde ni $5.20, ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n rí gbogbo mílíọ̀nù 12 tí wọ́n ń wá láìfi sẹ́ǹtì kan kún un. Owó tó jáde lé ní 62 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì fi ra ìdá bíi 12 nínú 100 gbogbo ìpín tó wà níta.

Lójú àwọn olùdarí, wọ́n ra ọjà ní ẹ̀dínwó. Lójú tèmi, àbájáde gbàǹjo yẹn ni ìròyìn tó ṣe pàtàkì jù lọ tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde lọ́dún náà, ó sì ṣe pàtàkì ju òfò 673 mílíọ̀nù lọ, torí pé ìwé ìṣirò ń sọ ohun tó ti kọjá, iye gbàǹjo ń sọ ohun tí àwọn onípìn-ín gan-an rò nípa ọ̀la. Àwọn oníbàárà tó rà á lọ́jọ́ kejì gbàǹjo ka "ilé-iṣẹ́ ra mílíọ̀nù 12 padà", wọn ò ka "$5.20".

Ohun kejì tó yẹ ká rí níbẹ̀ ni ìṣe iye náà lọ́jà. Ní gbogbo ìgbà tí gbàǹjo fi ṣí, ìpín náà ń rọ̀gbà yí dọ́là 5 ká, kò jìnnà síbẹ̀. Ìyẹn ò yani lẹ́nu: ẹni tó bá rà á ní $5.05 lọ́jà lè lọ fi sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní $5.20. Nígbà tí ilẹ̀kùn tì, kò sí ẹni tó ń fi owó ti iye náà lẹ́yìn mọ́. Kó tó di àárín oṣù Kẹjọ, ó ti já wá sísàlẹ̀ dọ́là 4. Ẹni tó ta tirẹ̀ ní $5.20 lè rà á padà láàárín oṣù kan àti díẹ̀ kí owó ṣì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ẹni tó dúró torí pé "ilé-iṣẹ́ ń ra ìpín padà" ló wà nínú òfò.

Lẹ́tà kan láti California

Ní àárín oṣù Kẹjọ, olùdókòwò kan ní California, tó ní nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 ilé-iṣẹ́ náà, kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ olùdarí. Ó ní kí wọ́n ná gbogbo owó tó kù nínú àṣẹ 300 mílíọ̀nù náà lórí ríra ìpín, kíákíá. Ohun tó kù nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 237 mílíọ̀nù dọ́là. Tí ẹ bá fi iye tí wọ́n ń ná ìpín náà lọ́sẹ̀ yẹn ṣírò rẹ̀, owó yẹn tó láti ra bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. Mo ti rí ìṣirò tó dùn ún gbọ́ rí, àmọ́ èyí lágbára gan-an ni.

Ó tún tọ́ka sí àwọn tó ń yá ìpín tà. Ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi ń jèrè lórí ìpín tó ń wó: á yá ìpín onípìn-ín, á tà á lónìí, á sì rà á padà ní owó tó kéré sí i lọ́jọ́ míràn láti fi dá ohun tó yá padà. Nígbà yẹn, ìpín tí wọ́n yá tà ti lé ní ìdajì gbogbo ìpín ilé-iṣẹ́ náà. Tí ilé-iṣẹ́ bá wá gbá ìpín mọ́lẹ̀ lọ́jà, níbo ni àwọn wọ̀nyí ti máa rí èyí tí wọ́n máa dá padà?

Ilé-iṣẹ́ náà ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe tó bí lẹ́tà náà ṣe fẹ́. Láti oṣù Kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, wọ́n ra ìpín mílíọ̀nù 22.6 lọ́jà gbangba, pẹ̀lú owó tó lé ní 115 mílíọ̀nù dọ́là. Tí ẹ bá pín owó náà fún iye ìpín, ẹyọ kan dé sí dọ́là 5 ó lé díẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ìpín tó wà lábẹ́ dọ́là 4 ní oṣù Kẹjọ ni wọ́n rà ní iye tó lé ní 5 ní ìpíndọ́gba. Iye rẹ̀ ń gòkè bí wọ́n ṣe ń rà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ó ti lé ní dọ́là 6.

Ǹjẹ́ ríra padà ló gbé e sókè? Òótọ́ inú ni pé apá kan lára rẹ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá ń ṣe agídí ni. Àmọ́ lẹ́tà náà ti jáde, àwọn èèyàn sì ń retí ẹ̀rọ géèmù tuntun méjì tí wọ́n máa gbé jáde lọ́dún 2020. A ò lè ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹn. Ohun tá a lè ṣe ni ká wo bóyá ó dúró.

Kò dúró. Lálẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, wọ́n gbé àbọ̀ oṣù mẹ́ta jáde. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé àwọn ti ra ìdá 34 nínú 100 gbogbo ìpín àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìṣirò. Nínú rẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ pé ọjà tí wọ́n tà fi ìdá 25.7 nínú 100 dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Lọ́jọ́ kejì, ìpín náà já wálẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ní oṣù Kínní, àbọ̀ ọjà ọdún Kérésìmesì dé: ó fi ìdá 27.5 nínú 100 dín. Kí àrùn kòrónà tó ti àwọn ṣọ́ọ̀bù pa, gbogbo ohun tí ìpín náà jèrè láti oṣù Kẹjọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2020, ó ti wà lábẹ́ dọ́là 3.

Lápapọ̀, ìpín mílíọ̀nù 38.1 ni wọ́n rà lọ́dún ìṣirò náà, pẹ̀lú 198.7 mílíọ̀nù dọ́là. Ìpín tó wà níta kúrò ní mílíọ̀nù 102, ó di nǹkan bíi mílíọ̀nù 65. Kò wọ́pọ̀ kí ilé-iṣẹ́ kan ra ara rẹ̀ padà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Síbẹ̀, iye ẹyọ kan lẹ́yìn rẹ̀ kéré sí iye ẹyọ kan ṣáájú rẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi gbé e dúró?

Ẹ fojú inú wo ilé ẹbí kan tí ọmọ mẹ́wàá ni ín, tí òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Owó díẹ̀ wà nínú àpò ẹbí. Mẹ́ta nínú wọn ní ilé náà ti sú àwọn, wọ́n sì fi owó òrùlé yẹn san tiwọn fún wọn. Àwọn méje tó kù ti ní ìpín tó tóbi sí i nínú ilé náà, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n òjò ò mọ̀ pé wọ́n ti dín kù.

Ohun tí owó náà ì bá ṣe wà nínú ìwé. Ilé-iṣẹ́ náà jẹ gbèsè tó lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là, tó yẹ kí wọ́n san tán ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2020, wọ́n ní láti bẹ àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè pé kí wọ́n gba ìwé gbèsè tuntun tó máa di ọdún 2023 kí wọ́n tó san án, lórí nǹkan bíi 216 mílíọ̀nù dọ́là nínú rẹ̀, pẹ̀lú èlé ìdá 10 nínú 100 lọ́dún. Ẹ fi 216 mílíọ̀nù yẹn wé 198.7 mílíọ̀nù tí wọ́n fi ra ìpín. Ká ní wọ́n fi owó náà san gbèsè ni, díẹ̀ báyìí ni wọn ì bá ní láti sún síwájú.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò èrè lórí ẹyọ ìpín, èyí tí gbogbo ẹni tó ń gbèjà ríra padà máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Wọ́n á ní tí ìpín bá dín kù, èrè tó kan ẹyọ kan á pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, tí èrè bá wà. Lọ́dún ìṣirò yẹn, òfò 470.9 mílíọ̀nù dọ́là ni ilé-iṣẹ́ náà pa. Nígbà tí wọ́n pín in, òfò tó kan ẹyọ kan jẹ́ $5.38. Ká ní ìpín mílíọ̀nù 102 ló ṣì wà níta, ì bá jẹ́ $4.60 ó lé díẹ̀. Ríra padà sọ òfò náà di ńlá lójú ẹni tó bá ń wo ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ìpín olówó pọ́ọ́kú ló jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ń pòfò, ibẹ̀ sì ni ìwé ìkéde máa ń fò.

Òfin tún wà níbẹ̀. Ìlànà 10b-18 ti àjọ SEC, tó ti wà láti ọdún 1982, ló ń dáàbò bo ilé-iṣẹ́ tó ń ra ìpín ara rẹ̀ lọ́jà gbangba kí wọ́n má bàa fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń fọgbọ́n darí iye. Kí ilé-iṣẹ́ tó rí ààbò yẹn, ọwọ́ alágbàtà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ti rà lójúmọ́; kò gbọ́dọ̀ ṣe òun ni rírà àkọ́kọ́ nígbà tí ọjà bá ṣí, kò sì gbọ́dọ̀ rà nígbà tí ọjà bá kù díẹ̀ kó tì; kò gbọ́dọ̀ san ju iye tó ga jù tí ẹlòmíràn ń ná an tàbí iye tí wọ́n rà á gbẹ̀yìn; kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 25 nínú 100 ìpín tí wọ́n máa ń ná lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú. Àwọn tó ṣe òfin mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ilé-iṣẹ́ má lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé iye sókè ni. Oníbàárà tó ń retí pé kí ríra padà gbé e sókè ń retí ohun tí ìlànà náà wà láti dènà.

Ìpín ilé-iṣẹ́ géèmù yìí ń ná dáadáa lọ́jà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ra mílíọ̀nù 22 láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ mú ọ̀kan lára àwọn tó kéré gan-an, tí wọn kì í ná ju ẹgbàá lọ́nà ogún (40,000) lójúmọ́, tí ẹyọ kan sì jẹ́ sẹ́ǹtì 60. Ìdá 25 nínú rẹ̀ jẹ́ 10,000. Ìyẹn ni pé $6,000 ló lè ná lójúmọ́. Tí ó bá kéde ètò mílíọ̀nù 5 dọ́là, ó máa gbà ju 830 ọjọ́ ọjà lọ kó tó ná an tán, ọdún mẹ́ta ó lé. Ìkéde náà máa gbé iye sókè fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà gbogbo èèyàn á gbàgbé pé ó wáyé.

Ọdún 2021

Mi ò lè fo èyí torí pé òun ni ohun tí wọ́n máa fi já mi nírọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2021, ìpín kan náà parí ọjà ní $347.51. Àwọn tó fara mọ́ ríra padà ní ẹ ò rí i bí, ó ṣiṣẹ́!

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló kóra jọ. Olùdókòwò tuntun kan ti ra apá ńlá lọ́dún 2020, ó sì ti wọ ìgbìmọ̀ olùdarí. Ogunlọ́gọ̀ àwọn olówó kékeré ń rà á lórí fóònù wọn. Àbọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ SEC gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún náà fi hàn pé ìpín tí wọ́n ti yá tà ju 120 lọ nínú gbogbo 100 tí aráàlú lè ná lọ́jà. Mo gbà pé mílíọ̀nù 38 tí ilé-iṣẹ́ náà ti gbé kúrò nílẹ̀ mú kí ibẹ̀ há sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ fò sókè lọ́sẹ̀ kan náà. Nǹkan bíi dọ́là 2 ni wọ́n ń ná an ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Lọ́jọ́ 27 yẹn gan-an ó parí ọjà ní $19.90. Ilé-iṣẹ́ yẹn kò ra ìpín kankan padà lásìkò náà. Ńṣe ló ń tẹ ìpín tuntun tà kí ó má bàa kógbá wọlé. Nígbà tí ẹni tó ń dín ìpín kù àti ẹni tó ń sọ ọ́ di púpọ̀ bá jọ fò lọ́jọ́ kan náà, iye ìpín kọ́ ló gbé wọn fò.

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ géèmù náà ta ìpín mílíọ̀nù 3.5 tuntun ní nǹkan bíi 551 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù Kẹfà, ó ta mílíọ̀nù 5 sí i ní 1.126 bílíọ̀nù. Mílíọ̀nù 8.5 péré ló mú owó tó ju ìlọ́po mẹ́jọ lọ wọlé fún un ju èyí tó fi ra mílíọ̀nù 38 lọ. Gbèsè ńlá náà parí, owó kún àpò. Títa ìpín ló yọ ọ́, kì í ṣe rírà á.

Bá a ṣe ń yẹ irú rẹ̀ wò

Ìkéde kì í ṣe rírà. Àṣẹ tí ìgbìmọ̀ olùdarí bá fọwọ́ sí kò fi dandan lé e pé kí wọ́n ra ẹyọ kan. Nínú àbọ̀ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí SEC, tí wọ́n ń pè ní 10-Q, tábìlì kékeré kan wà nítòsí ìparí: oṣù kọ̀ọ̀kan, iye ìpín tí wọ́n rà, iye tí wọ́n rà á ní ìpíndọ́gba, owó tó kù nínú àṣẹ. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Tí òdo bá kún ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnu lásán ni ìkéde náà. Lẹ́yìn náà, mo máa ń lọ sí ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti ní láti kọ iye gbogbo ìpín tó wà níta, mo sì máa ń fi wé ti ọdún tó kọjá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa rí i pé ìpín ilé-iṣẹ́ tó ń kéde ríra padà ti fi ìlọ́po méjì pọ̀ sí i, torí gbèsè tí àwọn tó yá a lówó lè sọ di ìpín nígbàkígbà tó bá wù wọ́n. Ọwọ́ kan ń rà, ọwọ́ kejì ń tà.

Ẹ wo ọjọ́ ìkéde náà pẹ̀lú. Ní Nasdaq, ọjà ìpín ńlá míràn ní Amẹ́ríkà, ìpín tó bá parí ọjà lábẹ́ dọ́là 1 fún ọjọ́ ọjà 30 léraléra máa gba ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì máa fún ilé-iṣẹ́ náà ní 180 ọjọ́ láti jẹ́ kó padà sí dọ́là 1 ó kéré tán, kí ó sì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ ọjà 10 léraléra. Ìkéde ríra padà tó bá jáde láàárín 180 ọjọ́ yẹn, ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó bá kùnà á wá kó ìpín mẹ́wàá tàbí ogún pọ̀ di ẹyọ kan.

Ọjọ́ gbèsè ni mo máa ń wò kẹ́yìn, òun ló sì máa ń parí ọ̀rọ̀ fún mi. Tí gbèsè ńlá bá máa tó san láàárín ọdún méjì, tí òwò kò sì mú owó wọlé, mi ò bìkítà bí ìpín náà ti rẹlẹ̀ tó. Ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè, tí kò jẹ gbèsè, tí ọjà kàn gbàgbé rẹ̀, yàtọ̀. Ríra padà lè ṣe àwọn tó dúró lóore níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọdún púpọ̀. Irú wọn wà nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, àmọ́ wọn ò pọ̀.

Fún àwọn tó ń ná ọjà ní Marina ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀. Kí òfin ilé-iṣẹ́ CAMA ọdún 2020 tó dé, òfin kò fi bẹ́ẹ̀ gbà kí ilé-iṣẹ́ ra ìpín ara rẹ̀. Òfin tuntun ṣí ilẹ̀kùn, àmọ́ ó ní kí àwọn onípìn-ín kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nípa àkànṣe ìpinnu, kí wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí àwọn olùdarí búra pé ilé-iṣẹ́ náà lè san gbèsè rẹ̀, àti pé inú èrè tó ṣeé pín ni kí owó náà ti wá. Dangote Cement ló lò ó ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tó ra ìpín mílíọ̀nù 40.2 padà, ohun tí kò tó ìdá kan nínú 100 ìpín rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú òfin èrè tó ṣeé pín yìí. Ẹ ṣí ìwé ìṣirò ọ̀pọ̀ àwọn ìpín tí wọ́n ń ná ní náírà kan tàbí méjì ní Èkó, kí ẹ wo ìlà èrè tí wọ́n ti kó jọ láti ọdún pípẹ́. Ibi tí ẹ bá ti rí òfò níbẹ̀, irú ètò tí ilé-iṣẹ́ Texas yẹn ṣe lọ́dún 2019 kò lè wáyé, bí àwọn olùdarí tilẹ̀ fẹ́ ẹ, títí wọn á fi kọ́kọ́ jèrè.